"The vast majority": ta ni ọ̀rọ̀ yìí kà mọ́ ọn, ta ni kò kà?

Lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, wọ́n tì í sábẹ́ géètì kálukú láàárọ̀ Sátidé. Ní ìlà kẹta, akọ̀wé kọ ọ́ báyìí: "The vast majority of members voted for the borehole."

Mo wà ní ìpàdé náà. Àwa 41 la nawọ́. Àwọn 17 ní kí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, 13 ní tiransifọ́mà tó jó ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, 11 ní gọ́tà ni kí a ṣe ná. Ìyá Ìbejì wà lára àwọn 11 yẹn, torí ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ilé wọn wà, bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, inú yàrá ni omi ń wọ̀ wá bá wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó mú lẹ́tà náà wá bá mi, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, 'vast' yìí, kí ló wá ṣe níbí? Ṣé àwa tó kù ò sí nínú yàrá yẹn ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Akọ̀wé wa kì í ṣe òpùrọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe lójoojúmọ́ lòun náà ṣe: a gbọ́ "majority", a ní "èyí tó pọ̀ jù" ni, a wá fi "vast" lé e lórí kí ó lè dún ketekete. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní òṣùwọ̀n, bí kóńgò ṣe ní òṣùwọ̀n lọ́jà. Ẹni tó bá fi kóńgò tí kò kún ta gààrí fún ọ, ó ti jẹ ọ́ lówó, ì báà má mọ̀.

Kí ni "majority" fúnra rẹ̀?

Ìdajì ni kókó ọ̀rọ̀. Kó gbogbo nǹkan tí ò ń kà jọ sójú kan, wá ìdajì rẹ̀. Apá tó bá kọjá ìdajì yẹn, bó ṣe ẹyọ kan péré ló fi kọjá, òun ni Òyìnbó ń pè ní "majority". Èyí tí kò bá kọjá rẹ̀ kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Wo agbọ̀n èso kan. Èso 10 ló wà nínú rẹ̀: ọsàn 4, máńgòrò 3, ìbẹ́pẹ 3. Èwo ló pọ̀ jù? Ọsàn ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣé ọsàn ni "majority" èso inú agbọ̀n náà? Rárá o, torí pé 6 nínú 10 ni kì í ṣe ọsàn. Bí ọsàn bá di 5 nínú 10 náà, ìdajì gééré ló jẹ́, kò tíì dé ibẹ̀. Ìgbà tó bá di 6 ni a tó lè pè é bẹ́ẹ̀.

Tiwa ní àdúgbò ńkọ́? Ènìyàn 41 ló dìbò. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ogún àti ààbọ̀, ó wá di dandan kí ènìyàn 21 fẹ́ kànga kí a tó lè sọ pé "majority" fẹ́ ẹ. Àwọn 17 ló fẹ́ ẹ. Àwọn 24 fẹ́ nǹkan mìíràn.

Kí ló dé tó fi máa ń ṣì wá lọ́wọ́?

Èdè wa ló fà á, kì í ṣe pé a kò gbọ́n. Nínú Yorùbá, "èyí tó pọ̀ jù" ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀. A lè fi sọ pé ọsàn pọ̀ ju máńgòrò lọ, ó sì pọ̀ ju ìbẹ́pẹ lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. A sì tún lè fi sọ pé ọsàn pọ̀ ju gbogbo èso tó kù lápapọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ wa yóò fi ojú inú wo èyí tí a ní lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, "majority" sì jẹ́ orúkọ iṣẹ́ kejì nìkan.

Mo máa ń fi fífa okùn ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá wà, tí ẹgbẹ́ pupa pọ̀ ju ti ewé, tó sì pọ̀ ju ti yẹ́lò, ẹgbẹ́ pupa ló pọ̀ jù. Ó dáa. Ẹ wá mú okùn gígùn kan, kí ẹgbẹ́ pupa di orí kan mú, kí ẹgbẹ́ ewé àti ẹgbẹ́ yẹ́lò jọ di orí kejì mú. Bí àwọn ọmọ pupa bá ṣì pọ̀ ju àwọn tó wà lórí kejì lọ, àwọn ni "majority". Bí wọn kò bá pọ̀ tó o, wọ́n kàn jẹ́ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú mẹ́ta ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù ṣùgbọ́n tí kò kọjá ìdajì: "plurality" ni wọ́n ń pè é. Abraham Lincoln di ààrẹ wọn lọ́dún 1860 pẹ̀lú ìbò tó súnmọ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé ènìyàn mẹ́rin ló jọ du ipò náà. Bill Clinton wọlé lọ́dún 1992 pẹ̀lú ìdá 43. Àwọn méjèèjì ló ní ìbò tó pọ̀ jù láàárín àwọn ará ìlú, kò sí èyí tó ní "majority" ìbò náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń lo "plurality" kò wọ́pọ̀, èmi náà kò sì ní fipá mú ẹnikẹ́ni láti lò ó. "The highest number of votes" ti tó. Òun gan-an sì ni ìwé òfin wa lò.

Ìwé òfin Nàìjíríà mọ ìyàtọ̀ náà dunjú

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, nínú ọkọ̀ èrò àti ní ìsọ̀ bábà. Àwọn kan ní, "Majority of Nigerians ló yan Tinubu." Àwọn mìíràn ní, "Kò ní majority, ìdìbò yẹn kò bófin mu." Ọ̀nà méjèèjì ló wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo abala 134 nínú òfin ọdún 1999. Ó pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Bó bá jẹ́ pé olùdíje méjì péré ló wà, òfin ní kí ẹni tó máa wọlé ní "the majority of votes cast". Bí wọ́n bá ju méjì lọ, òfin yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní "the highest number of votes cast". Àwọn tó kọ òfin yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láàárín ènìyàn méjì, ẹni tó bá pọ̀ jù ti kọjá ìdajì nìyẹn, kò lè ṣe kó máà kọjá á. Tí ẹni kẹta bá ti wọ inú rẹ̀, nǹkan yí padà.

Ìdìbò 1999 jẹ́ ti ènìyàn méjì: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní 18,738,154, Olú Fálaè ní 11,110,287. Ìdá 62.78 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti Ọbásanjọ́. "Majority" pọ́nńbélé nìyẹn. Ní 2023, àwọn olùdíje pọ̀ rẹpẹtẹ. Àjọ INEC kéde 8,794,726 fún Bọ́lá Tinubu, 6,984,520 fún Àtíkù Abubakar, 6,101,533 fún Peter Obi. Gbogbo ìbò tó péye jẹ́ 24,025,940, ìdajì rẹ̀ ju 12 mílíọ̀nù lọ díẹ̀. Ìdá 36.61 ni ti ẹni tó wọlé. Nítorí náà, kò sí olùdíje kankan tó ní "majority", òfin kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbò tó ga jù ni òfin béèrè, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti olú-ìlú Àbújá. Ẹjọ́ ńlá ni wọ́n tún rò lórí gbólóhùn "àti olú-ìlú Àbújá" yẹn, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní.

Nǹkan kan tún wà nínú "majority of Nigerians" tó yẹ ká tẹ́tí sí. "Of" ta? Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dún yẹn ju 93 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tí ìbò wọn péye lé díẹ̀ ní 24 mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà lápapọ̀ tún ju ìyẹn lọ fíìfíì, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn odi wà nínú wọn. Kí a tó sọ pé apá kan kọjá ìdajì, ó yẹ kí a mọ odindi tí a ń pín. Ọ̀pọ̀ ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni kì bá má ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìdajì kí ni?"

Méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà tó lọ́dún 1979, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Fún àwọn tó kéré, ìtàn náà rèé.

Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Ènìyàn márùn-ún ló du ipò ààrẹ. Shehu Shagari ní 5,688,857, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ìbò Shagari kò tó ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí "majority" níbẹ̀, òfin kò sì béèrè rẹ̀ nígbà yẹn náà. Ohun tí òfin béèrè ni ìbò tó ga jù, àti ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Àmọ́ gbìyànjú kó o pín 19 sí mẹ́ta, kó o mú méjì níbẹ̀. Méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ta ló ti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ rí?

Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kánò, tí í ṣe ìkẹtàlá, ìbò rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kò dé 25. Awólọ́wọ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ 13 ló yẹ kó jẹ́, torí pé a kì í gé ìpínlẹ̀ bí ẹni gé iṣu. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò Shagari, ní a lè gé e: kí a mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò, kí a wá wò ó bóyá Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí a mú yẹn. Ó ní in. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a sí ọ̀nà Shagari. Adájọ́ méje ló jókòó, Kayọ̀dé Eṣọ̀ nìkan ló sọ pé òun kò fara mọ́ ọn.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé àwọn ènìyàn ṣì ń pe èyí ní "two-thirds majority". Kò rí bẹ́ẹ̀. "Two-thirds majority" ni kí ènìyàn méjì nínú mẹ́ta fẹ́ nǹkan kan. Ohun tó wà nínú òfin ìdìbò ààrẹ jẹ́ bí ìbò ṣe tàn káàkiri, kí ẹni tó máa ṣolórí má bàa jẹ́ ẹni apá kan ilẹ̀ nìkan.

"Simple", "absolute", "two-thirds": mẹ́ta tí a máa ń gbọ́ láti ilé aṣòfin

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní ọmọ ilé 109. "Simple majority" kò wo gbogbo 109 yẹn, àwọn tó wà níkàlẹ̀ tí wọ́n sì dìbò lọ́jọ́ náà nìkan ló ń wò. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo 109 náà ló gbọ́dọ̀ wà níjòkòó kí ilé tó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn 37. Bó bá jẹ́ àwọn 37 yẹn nìkan ló wá, tí gbogbo wọn sì dìbò, ènìyàn 19 lè sọ àbá di ohun tí ilé fọwọ́ sí. Mo fẹ́ kí ẹ dúró wo nọ́ńbà yẹn dáadáa: 19 nínú 109.

"Absolute majority" wo gbogbo ọmọ ilé, tó wá tí kò wá. Nínú 109, ó di 55. "Two-thirds majority" tún ga sí i, ó di 73, òun sì ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ yí ìwé òfin padà, lẹ́yìn èyí tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 yóò tún fọwọ́ sí i.

Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin kò gbà kí ẹni tí kò kọjá ìdajì ìbò di ààrẹ. Lọ́dún 2016, Lionel Zinsou ló ṣíwájú nínú ìbò àkọ́kọ́, àmọ́ kò súnmọ́ ìdajì. Wọ́n tún un dì láàárín àwọn méjì tó ṣíwájú, Patrice Talon tó ṣe ipò kejì ló wá borí pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 65. Bẹ́ẹ̀ náà ni Brazil. Lula ní ìdá 48.43 lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 2022, wọ́n ní kò tó, àfìgbà tó ní 50.90 lọ́jọ́ 30 oṣù yẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìtumọ̀ mìíràn

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Peckham, wọ́n á ti gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹnì kan ní "a majority of 2,610". Ìyẹn kì í ṣe iye ìbò tó ní. Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ipò kejì ní "majority". Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, ní 19,360 ìbò ní agbègbè rẹ̀ lọ́dún 2024, ẹni tó tẹ̀ lé e ní 16,750. Yọ ọ̀kan nínú èkejì, 2,610 ló kù. Ìbò rẹ̀ kò sì dé ìdajì, ó lé díẹ̀ ní ìdá 35.

Tó bá jẹ́ ti ilé aṣòfin wọn, iye tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fi ju gbogbo àwọn tó kù lápapọ̀ ni. Ní 2019, ẹgbẹ́ Boris Johnson ní ìjókòó 365 nínú 650, àwọn yòókù ní 285, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 80. Ẹni tó bá gbọ́ "majority of 80" tó rò pé ọmọ ilé 80 ni wọ́n ní, ó ti ṣìnà pátápátá.

"Vast" ńkọ́?

"Vast" ni ohun tó gbòòrò lọ salalu, bí òkun, bí aṣálẹ̀, tí ojú kò lè ká. Kò sí òfin tó sọ iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ní láárí bí àwọn tó kù kò bá kéré débi pé wọn kò lè yí nǹkan kan padà. Ní tèmi, bí kò bá tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, n kò ní lò ó. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá jẹ́ "majority", ó parí síbẹ̀. Ọbásanjọ́ pẹ̀lú ìdá 62.78 rẹ̀ borí dáadáa, síbẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 11 ló wà lódì kejì, ẹni tó bá pe ìyẹn ní "vast majority" ti fi ọwọ́ gbá mílíọ̀nù 11 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ méje ọdún 1979 wúwo tó láti gba orúkọ náà.

Ibi tí mo ti ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Iye ló jọ, àmọ́ ìgbà tí a kò bá fẹ́ sọ iye ni a sábà máa ń lò ó. Olóṣèlú á ní "the vast majority of our people support this", kò ní sọ ẹni tó kà wọ́n, kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n kà wọ́n. Ẹ máa béèrè iye.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tó wọ́pọ̀

A máa ń kọ "Majority of Nigerians" láìfi "the" tàbí "a" ṣáájú. Yorùbá ló ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí pé "ọ̀pọ̀ nínú àwa" kò nílò nǹkan kan níwájú. Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀: "the majority of Nigerians", "the vast majority of Nigerians".

Ohun tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún: ènìyàn, ilé, ìbò. "The majority of the soup" kò dára, ta ló ń ka ọbẹ̀? "Most of the soup" ni kí ẹ sọ. "Most" gan-an lè gba iṣẹ́ náà ṣe níbi púpọ̀, ó kúrú, kò sì gbéra ga. "Greater majority" àti "highest majority" tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ gun orí ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

"Is" tàbí "are"? Bí ẹ bá ní àwọn ènìyàn náà lọ́kàn ní kálukú, "are" ni: "The majority of the members are women." Bí ẹ bá ní agbo náà lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ohun kan, "is" dára: "Their majority is small."

Ní ti "silent majority", ààrẹ Amẹ́ríkà Richard Nixon ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá, 1969, nígbà tó ń bẹ àwọn ará ìlú tí kò jáde ṣe ìwọ́de pé kí wọ́n ti òun lẹ́yìn lórí ogun Vietnam. Àwọn òǹkọ̀wé Òyìnbó àtijọ́ ti ń lo "majority" fún àwọn òkú ṣáájú rẹ̀, torí pé àwọn ará Róòmù máa ń sọ nípa ẹni tó kú pé ó ti lọ bá àwọn tó pọ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé baba ti lọ bá àwọn baba rẹ̀, ìyẹn kò ní yà wá lẹ́nu.

Mo bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fi agbọ̀n èso yẹn ṣàlàyé fún un, kò sì bínú rárá. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà tuntun jáde. Ìlà kẹta ti yí padà: "The borehole received the highest number of votes, 17 out of 41." Ìyá Ìbejì kà á lójú mi, ó kà á sókè, ó fi Yorùbá tún un kà: "Mẹ́tàdínlógún nínú mọ́kànlélógójì." Ó ká lẹ́tà náà sínú wàpà, ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni ìpàdé tó ń bọ̀ bọ́ sí.